Ẹ̀wà Ìbílẹ̀ Àti Ìrètí Irúgbìn Tuntun

Bí àgbẹ̀ bá gba irúgbìn ẹ̀wà tuntun, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tí bàbá rẹ̀ ń gbìn tẹ́lẹ̀ yóò wọ inú ìkòkò; wọn yóò sè é jẹ, ó parí. A kò lè dá irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, nítorí irúgbìn tuntun a máa tètè gbó, a sì máa so dáadáa. Ṣùgbọ́n inú irú ẹ̀wà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe tuntun.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Ìbàdàn, àjọ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní ibi ìpamọ́ tí oríṣi ẹ̀wà inú rẹ̀ ju 15,000 lọ, láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 80. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí oríṣi ẹ̀wà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn funfun, òmíràn dúdú tàbí alámì tótòtó. Òmíràn ń fà nílẹ̀, òmíràn dúró ṣánṣán. Ìyẹn ni ojú lè rí. Èyí tí ojú kò rí, ìyẹn àbùdá tí ẹ̀wà jogún, ló níye lórí jù.

Kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò kò ṣàjèjì sí ìyálé ilé kankan. Ní nǹkan bí 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ IITA dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ẹ̀wà wò, wọ́n sì rí ọ̀kan, TVu 2027, tí kòkòrò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ṣe. Láti Botswana sì ni B301 ti wá, ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ lásán, tó borí èpò Striga tó máa ń ki gbòǹgbò bọ gbòǹgbò ẹ̀wà láti fa oúnjẹ rẹ̀ mu. Irú rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí mungbean, ìbátan ẹ̀wà wa tí wọ́n ń jẹ ní Éṣíà: inú irú rẹ̀ kan tó ń hù nínú igbó Madagascar, TC1966, ni wọ́n ti rí agbára tó ń lé kòkòrò.

Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ni ibi ìpamọ́ ń yanjú o. Wọn kò rí ẹ̀wà tó lágbára tó láti kojú Maruca, ìdin tó ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà lóko. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ Zaria fi mú àbùdá kan láti ara kòkòrò àìfojúrí wá ṣe SAMPEA 20-T, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí irúgbìn bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó fi hàn pé ohun tí a kò bá rí nínú àkójọ ẹ̀wà máa ń náni lówó àti ọdún púpọ̀ láti wá níta.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ẹ̀wà ò ṣòro pa mọ́. Òdòdó rẹ̀ sábà máa ń gba ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìyá. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà ìbílẹ̀ kan, kí ó sá a dáadáa, kí ó fi í sínú ìgò tó gbẹ tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti abúlé tó ti wá sí i lára. Kí ó máa gbin ebè díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ó sì fi han òṣìṣẹ́ tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀.