Ìlànà Helsinki tuntun: ta ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún aláìsàn?

Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé pàdé ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, wọ́n sì tún ìlànà ọdún 1964 ṣe, èyí tó ń darí bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò lára ènìyàn. Ẹni tí wọ́n ń dán oògùn wò lára rẹ̀ ti di “olùkópa” báyìí.

Orúkọ náà dára. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ni ìṣòro Kano lọ́dún 1996. Nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọgọ́rùn-ún ọmọ, wọ́n sì fún ọgọ́rùn-ún mìíràn ní oògùn tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló kú. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n, àti pé àwọn òbí fọwọ́ sí i. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé òun jẹ̀bi.

Bẹ́ẹ̀, láti 1964 ni Helsinki ti ní kí wọ́n gba àṣẹ. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 náà ní kí àṣẹ ọ̀hún wà lákọsílẹ̀. Èdè wo ni wọn yóò fi kọ ọ́ fún ìyá tí kò kàwé?

Ìlànà tuntun tún ní kí ètò ti wà, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, lórí bí olùkópa yóò ṣe rí oògùn tó bá wò ó sàn gbà lẹ́yìn náà. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò nìkan ló lè yọ̀ǹda pé kí wọ́n má ṣe é. Ọwọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wa ni ọ̀rọ̀ náà wà.