Àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní avoka, tún ń bẹ̀rẹ̀ ọdún iṣẹ́ wọn. Òfin ọdún 1965 ni ó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. A kí wọn kú àbọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Faransé ni èdè ilé ẹjọ́ ní Pobẹ̀. Yorùbá ni èdè àgbẹ̀ Takọ̀n tí wọ́n ń bá du ilẹ̀ baba rẹ̀. Ògbufọ̀ a máa wà nílé ẹjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ògbufọ̀ ní bíró agbẹjọ́rò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé náà fún un ní Yorùbá kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ẹ má tijú láti béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ni ẹjọ́.