Ẹ̀wù Àlejò Lára Ọmọ Wa

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ìlú Bouaké, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ọmọ Èjìgbò ni ẹni tí ó kọ ọ́, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ilé wa tí òwò gbé dé ọ̀hún, tí àwọn onílẹ̀ sì ń pè ní Anango. Ẹ̀dùn ọkàn ni ó fi kọ̀wé. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti fi oṣù méjì gbáko rán aṣọ kan tí kò jọ ti Yorùbá, tí kò jọ ti Baoulé, tí kò sì jọ ti Faransé. Aṣọ jagunjagun inú sinimá àwòrán ilẹ̀ Jàpáànù ni. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Abidjan, ìrìn nǹkan bí 350 kìlómítà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn irú sinimá bẹ́ẹ̀ ti ń péjọ. Bàbá náà bi wá léèrè pé: ṣé kì í ṣe pé ọmọ òun ti sọnù?

A ó dá a lóhùn ní gbangba, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn. Àwọn olùkọ́ nílé níhìn-ín ń bi wá ní ohun kan náà. Láti ọdún 2012 tí Ayodele Elegba ti dá àpéjọ Lagos Comic Con sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti ń múra bí ẹni inú ìwé àwòrán wá sí gbangba. Ní Abidjan, àjọ̀dún eré kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní FEJA bẹ̀rẹ̀ ní 2017, àwọn tí ń múra bẹ́ẹ̀ kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Cosplay ni orúkọ eré náà. Ènìyàn yóò yan ẹni kan nínú ìtàn, yóò wá aṣọ, irun àti ohun ìjà onítọ̀hún, yóò sì wọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà yóò máa rìn bí ẹni náà ti ń rìn, yóò máa dúró bí ó ti ń dúró, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n ní kété tí wọ́n bá fojú kàn án.

Bí ó bá jẹ́ pé wíwọ àwọ̀ àlejò ni ó ń sọ ọmọ nù, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti sọnù. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, jẹ́ àlejò Aláàfin Májòtú ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn eléré tí a mọ̀ sí Alárìnjó ṣeré níwájú rẹ̀. Inú àpò ni wọ́n ti jáde. Ọ̀kan di erè ńlá tí ń yọ ahọ́n síta. Nígbà tí ó yá, àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun funfun kan sì yọ, ó gbẹ, ó tín-ín-rín, ó dàbí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe! Àwọn òǹwòran kò sì jẹ́ kí àlejò wọn gbójú sí ibòmíràn; wọ́n ń rọ̀ ọ́ ṣáá pé kí ó wò ó dáadáa. Clapperton fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbà pé eléré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó wà nínú aṣọ funfun yẹn kò di òyìnbó. Ó ti fara balẹ̀ wo òyìnbó, ó ti kọ́ ìrìn rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ di ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín ní àgbàlá ọba. Ọ̀gá ni ó fi ṣe, kì í ṣe ẹrú. (A kò sọ pé eégún ará ọ̀run àti cosplay jẹ́ ọ̀kan náà o. Ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ kò mọ èyíkéyìí nínú wọn.)

Kí bàbá wa sì wo àyíká rẹ̀ ní Bouaké. Àwọn Baoulé tí ó ń bá gbé ní eré kan tí wọ́n ń pè ní goli. Irú ìbòjú mẹ́rin ni ó ń jáde nínú rẹ̀: kplé-kplé olójú rìbìtì bí àwo tí ó hu ìwo, goli glin tí ó jọ ẹranko ńlá inú igbó, kpan pré, àti kpan tí ó ní ojú ènìyàn. Tọkùnrin tobìnrin ni ó ń wò ó. Àlejò tí ó bá rí i lónìí yóò búra pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ ti Baoulé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn Wan, aládùúgbò wọn, ni wọ́n ti gbà á ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òun náà sì ni ayé fi ń dá wọn mọ̀ báyìí.

Àwọn ará Jàpáànù pàápàá yá nínú tiwọn. Osamu Tezuka, ẹni tí sinimá àwòrán rẹ̀, Astro Boy, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963, kò fi pamọ́ pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ Walt Disney ará Amẹ́ríkà, òun sì kọ́gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí àpéjọ Comiket kọ́kọ́ wáyé ní Tokyo ní oṣù kejìlá ọdún 1975, nǹkan bí 700 ènìyàn ni ó wá, àwọn olólùfẹ́ ìwé àwòrán fúnra wọn ni ó sì ṣètò rẹ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan.

Àwa tí ń kọ ojú ìwé yìí ti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ kọ́ ni a ń sọ. Ìhámọ́ra tí ẹ ń wò bí irin, fóòmù ni, irú èyí tí à ń tẹ́ sílẹ̀ fún ọmọdé láti ṣeré. A ó gé e, a ó yá a níná kí ó lè tẹ̀, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a ó sì kùn ún lọ́dà. Òógùn ibẹ̀ kò kéré! Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n kò lè gé èjìká méjì kí wọ́n dọ́gba. Ní Bouaké, níbi tí Gonfreville ti dá ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, tí ọjà sì kún fún yúgú-yúgú tí àwa ń pè ní òkìrìkà, ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n rán kò ní ṣaláìrí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Oṣù méjì tí bàbá náà kà sí òfò, iṣẹ́ aránṣọ ni ọmọ rẹ̀ fi kọ́, láìsan owó ìkọ́ṣẹ́.

Ohun kan wà tí a kò fara mọ́, ó sì dùn wá. Àwọn ọmọ kan ń kun ojú wọn ní funfun nítorí wọ́n rò pé àwọ̀ dúdú kò lè jọ ẹni inú àwòrán náà. Àwọn mìíràn a sì máa fi ṣe ẹlẹ́yà ẹni tí kò bá kùn ún. Chaka Cumberbatch, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, múra bí Sailor Venus. Èébú ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2013, nígbà tí ó sì di 2015 ó pe àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ara wọn hàn nínú aṣọ wọn lójoojúmọ́ ní gbogbo oṣù kejì. A fẹ́ kí ọmọbìnrin wa mọ orúkọ yìí kí ó tó wọ ọkọ̀ Abidjan. Eléré Ọ̀yọ́ fi funfun bo ara láti fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ń kùn ún nítorí pé ó ń tijú ara rẹ̀ kò ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹfun kan náà ni wọ́n bù.

Nítorí náà, kí bàbá náà fún un ní owó ọkọ̀. Bí ààyè bá gbà á, kí ó bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ kò lè wọ ẹ̀wù ẹni tí a kò sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ará Jàpáànù ya ìtàn tirẹ̀, ó sì rán an dé ẹnu ọ̀nà wa. Ta ni yóò bá ọmọ wí pé ó ṣílẹ̀kùn? Iyanu, ọmọbìnrin inú ìwé àwòrán Roye Okupe, ti di sinimá àwòrán láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ ni ó sì fi ìtàn náà jọ. Kí ó tó dé, Fágúnwà ti gbé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún kalẹ̀ fún wa nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Ẹ kà á fún wọn ní kíláàsì, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan ní ìparí sáà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ múra bí ọ̀kan nínú àwọn inú ìwé náà. Fóòmù wà lọ́jà, gọ́ọ̀mù kò wọ́n. Ojú mẹ́rìndínlógún yẹn nìkan ni yóò gba sùúrù.