Ọ̀dà Fàdákà Kì Í Ṣe Àtúnṣe

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ara rẹ̀ ń kọ mọ̀nà ní ọ̀ọ́kán, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ tó yìn ín. Ẹ wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ wo bọ́ńpà, ẹ wo ìdérí àárín wíìlì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà fàdákà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Irin ti họ. Ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ kò bi ara rẹ̀ léèrè irú irin tí ó jẹ́. Ó da ọ̀dà bò ó, ó ní òun ti tún un ṣe. Èmi kò gbà pé àtúnṣe ni. Irọ́ ni, irọ́ tí a fi ọ̀dà pa.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní agboolé wa ní Ayétẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ọkọ̀ Volkswagen kan wà, irú èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìjàpá. Bàbá mi, tí í ṣe olùkọ́, ni ó rà á ní 1976, ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba san owó Udoji, tí iléeṣẹ́ Volkswagen ní Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ náà pọ̀. Eruku pupa ọ̀nà Igbó-Ọrà, ẹ̀ka igi àti ìwo ewúrẹ́ ni wọ́n jọ sọ irin ara rẹ̀ di bí ó ti dà. Nígbà tí bàbá wa papò dà, àwa ọmọ dáwó jọ, a gbé ọkọ̀ náà fún oníṣẹ́ kan. Ó dá a padà, ó ń dán gbinrin. Òjò ọdún kejì kò tíì dá tí ọ̀dà fàdákà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ń bó bí awọ ejò.

Ti bọ́ńpà ni ó burú jù. Oníṣẹ́ náà rí i pé ó họ, ó gbé ẹ̀rọ tí ń lọ irin lé e. Kò mọ̀ pé irin lásán ni bọ́ńpà náà, pé níkẹ́ẹ̀lì ni a fi bò ó, tí a sì wá fi kúróòmù bo níkẹ́ẹ̀lì. Kúróòmù orí irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú 1,000 mílímítà. Ọṣẹ, omi àti aṣọ rírọ̀ ni ó tọ́ sí i. Bí ó bá ti họ wọnú, àfi kí a tún un rì sínú ohun èlò kúróòmù láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí oníṣẹ́ wa lọ dànù ti lọ nìyẹn. Bọ́ńpà ti dógùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ irin mìíràn wà tí lílọ yẹ ẹ́. Irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí Harry Brearley pò pọ̀ ní Sheffield ní 1913, kò wọ ẹ̀wù kankan. Bí òde rẹ̀ ti rí ni inú rẹ̀ rí. Alumíníọ̀mù náà rí bẹ́ẹ̀, àyàfi pé òun rọ̀, iléeṣẹ́ a sì máa sọ ojú rẹ̀ di líle. Bí a kò bá kọ́kọ́ ha ojú líle náà kúrò, kí a fi Brasso nù ún láti àárọ̀ di alẹ́, asán ni. Ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì kúrò nínú rédíò tí ó ti bàjẹ́: kò ní í gbá alumíníọ̀mù mú. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ sánpépà sínú omi, 400, 600, 1000, títí dé 2000. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa ojú ìlà tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ìgbà náà ni kí ẹ tó mú aṣọ àti Brasso. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan nínú wọn yóò rí ìlà rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá là.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun ti ń fọ idẹ wọn kí Ìjàpá tó dé ilẹ̀ yìí. Ta ni ó fi ọ̀dà kun abẹ̀bẹ̀ idẹ rí nítorí pé ó ti ṣú? Àwọn kan yóò ní ebi ń pa ìlú, èmi ń sọ̀rọ̀ irin dídán. Owó tí a san fún ọ̀dà náà ju owó sánpépà mẹ́rin àti agolo Brasso kan lọ fíìfíì! Àwọn mìíràn ní kí n ra irin tuntun. Láti oṣù keje 2003 tí Ìjàpá ìkẹyìn ti jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ayédèrú irin rẹ̀ ṣì wà lọ́jà òkèèrè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò wá ayédèrú.

N kò sì sọ pé gbogbo àpá ni kí a pa rẹ́ o. Ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, 1976, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn l'Ékòó, tòun ti ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí aláṣejù kan gbé sánpépà débẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo tú irin ẹ̀gbẹ́ Ìjàpá wa, tí mo ha ọ̀dà kúrò, tí mo sì jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò ní Ayétẹ̀. Wọ́n ti dán. Ibì kan ṣoṣo ni n kò fọwọ́ kàn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, níbi tí bàbá mi ti fi ọkọ̀ họ ògiri ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wà á lọ síbi iṣẹ́.