Ilé Iṣẹ́ Ọnà Ọ̀yẹ́

Kò sí ìlú, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí kò ní ohun kan tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọjà ni ó sọ ìlú mìíràn di olókìkí. Ogun ni ó sọ òmíràn dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ sì ni ti òmíràn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá dópin, ṣé ó yẹ kí orúkọ rere náà bá a lọ? Ìbéèrè yìí kan Ọ̀yẹ́-Èkìtì gidigidi.

Ní ọdún 1947, àwọn Fádà Ìjọ Kátólíìkì méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́. Wọ́n pe Bándélé wá, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo àríwá Èkìtì. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbẹ́ ère ìbí Jésù, àwọn ọba tí ó mú ẹ̀bùn wá sì rí bí ọba ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ti Ìjọ Kátólíìkì ni iṣẹ́, Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ìlànà tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé ni ti àwọn baba tí ó ti ń gbẹ́ ère Ẹpa láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìlànà náà kì í ṣe eré. Ọnà lílé ni ó ṣáájú, nígbà tí àáké ń la igi títí orí àti ara ère yóò fi hàn. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, tí ojú, etí àti ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn èyí ni dídán, tí ara igi ń jọ̀lọ̀. Fífín ni ó kẹ́yìn, tí ọ̀bẹ ń fa ilà irun àti ọnà ara aṣọ. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè dé ìpele kẹrin.

Ní ọdún 1954 ilé iṣẹ́ náà kásẹ̀ ńlẹ̀. Fákẹ́yẹ ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó ni ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí?

Ohun tí ìlú kò bá tọ́jú, ẹlòmíràn ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ní gúúsù Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, kò sì padà mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i lónìí, London ni yóò lọ.

Àwọn kan yóò ní ère kò yẹ ẹlẹ́sìn. Ọ̀yẹ́ fúnra rẹ̀ ti dá wọn lóhùn, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ra ère náà. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ tí ó ti parí kò lè fa àlejò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo Beckley, ìlú kan láàárín àwọn òkè West Virginia ní Amẹ́ríkà. Èédú ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Nígbà tí ihò èédú kan kò wúlò fún wíwà mọ́, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àlejò ní ọdún 1962. Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ wíwa èédú rí ni ó ń mú àlejò wọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé bí iṣẹ́ ti rí. Bí ihò dúdú lásán bá lè fa ènìyàn, mélòó mélòó ni ọnà tí ó dùn ún wò!

Kì í ṣe owó ńlá ni a ó kọ́kọ́ ná. Kí a kọ orúkọ àti ọdún sára òkúta ní ibi tí ilé iṣẹ́ náà ti wà. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí àlejò lè rí àáké lẹ́nu iṣẹ́. Kí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ọdún 2011 kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Owó lè pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ ohun tí baba rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe kò ní fojú tẹ́ḿbẹ́lú ara rẹ̀ láwùjọ.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àwọn ìlú ńlá ní aṣọ; Ọ̀yẹ́ ní àkísà tí ó níye lórí. Kí ó má ṣe sọ ọ́ nù.