Kí òpó eríálì má di òpó ìbànújẹ́

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́pọlọ pípé tó fẹ́ fi páìpù olówó pọ́ọ́kú gbé òpó eríálì nàró ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọmọ ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ló fi ojú wọn mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní amateur radio. Kì í ṣe rédíò tí à ń fi gbọ́ ìròyìn o. Èèyàn á ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú ilé, á máa fi bá àwọn mìíràn tó ní irú rẹ̀ sọ̀rọ̀, láìfi ṣòwò. Ìjọba ló ń fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì gbà á kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ jáde. Orúkọ ìpè àwọn tiwa ní Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Kí n má parọ́, inú mi dùn sí i, nítorí àgbà tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ kì í tètè rẹ̀wẹ̀sì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Mo yọjú, mo rí ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ń gbẹ́ ihò òpó. Páìpù omi méjì wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ó fẹ́ ki tín-ín-rín bọ inú èyí tó nípọn, kí òpó náà lè ga. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè." Wáyà NẸ́PÀ ló na gbọọrọ lójú títì, kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ihò yẹn. Ni Bàbá bá jókòó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wáyà òkè kò léwu, nítorí wọ́n ń rí ẹyẹ tó ń bà lé e. Ẹyẹ kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló sì dì mú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ẹni tó di páìpù mú dúró sí. Bí páìpù bá kan wáyà, iná yóò gba inú páìpù àti ara rẹ̀ kọjá sílẹ̀. Ti wáyà ńlá tó ń gbé fóòtì 11,000 tilẹ̀ burú jù, nítorí ó lè fò mọ́ irin tó bá súnmọ́ ọn jù, kó má tíì kàn án rárá.

A jọ ṣírò rẹ̀. Bí páìpù kan bá wọ inú ìkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ẹsẹ̀ bàtà 3 wọlẹ̀, òpó náà yóò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 34. Eríálì orí rẹ̀ jẹ́ 2, ó di 36. Òfin tí mo mọ̀ ni pé kí òpó jìnnà sí wáyà iná tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ gíga rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 54. Bí a bá lo páìpù kan ṣoṣo, gbogbo gíga rẹ̀ kò ju 19 lọ, ẹsẹ̀ bàtà 29 sì ti tó. A dí ihò ẹ̀gbẹ́ géètì, a lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wáyà kankan kò gbà.

Ohun tí a ṣe nìyí. A lo páìpù funfun tí wọ́n fi síńkì bò, kó má baà tètè dógùn-ún. A dí orí rẹ̀ kí òjò má wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ la ti so eríálì mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má gun òpó. A fi kọ́ǹkéré rì í ní ẹsẹ̀ bàtà 3, a sì fi irin dè é mọ́ ògiri ilé níbi méjì. Àgbà mẹ́ta ló gbé e nàró, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́. A kò jẹ́ kí wẹ́dà jó páìpù yẹn, nítorí èéfín síńkì máa ń fa ibà, òtútù àti ikọ́ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́. Mílíìkì tí wọ́n ń mu kì í fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró o.

Ààrá ńkọ́? Oníná ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 8 mọ́lẹ̀, ó fi wáyà kọ́pà nípọn so òpó mọ́ ọn, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé. Èyí kò ní kí ààrá má sán, ṣùgbọ́n ó ń fún un lọ́nà wọlẹ̀. Nítorí náà, kí òjò tó ṣú ni kí ẹ ti yọ wáyà eríálì kúrò lára ẹ̀rọ. Bó bá ti ń sán, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Bí iná bá gbé èèyàn, ẹ má dì í mú. Bó bá jẹ́ iná ilé, ẹ kọ́kọ́ pa á ní ojú mítà. Bó bá jẹ́ wáyà ojú títì, ẹ jìnnà síbẹ̀, ẹ dá àwọn ọmọdé dúró, kí ẹ pe iléeṣẹ́ iná kí wọ́n pa á. Bí wọ́n bá ti pa iná, tí kò sì mí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan láìdáwọ́ dúró, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀. Bó tilẹ̀ dìde tó ní kò sóhun tó ṣe òun, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí iná lè jó inú, ó sì lè da lílù ọkàn rú.

Àwọn tó ń gbé òpó tẹlifíṣọ̀n nàró náà, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ. Ẹ má lé ọmọ yín kúrò nídìí ohun tó ń kọ́. Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo òkè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.