Ọ̀rọ̀ Tísà: Kọ̀ǹpútà Ń Kú, Mo Ń Bú Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín, nítorí pé tísà tó bá ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n, ó yẹ kó lè sọ ọjọ́ tí òun náà gọ̀.

Mo ní kọ̀ǹpútà kan, irú èyí tí a ń gbé kiri tí à ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, kété lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí NCE mi, ó sì ti sìn mí dáadáa. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ sí, inú rẹ̀ náà ni máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi wà. Àfi bó ṣe di oṣù kẹta ọdún yìí, nígbà tí ooru Ìlọrin mú tó bẹ́ẹ̀ tí ajá pàápàá ń wá ibòji, ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ ìwà kan. N ó máa tẹ máàkì lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pá! ojú rẹ̀ á dúdú. Kò ní sọ pé ó dàárọ̀. Bí mo bá tún tàn án, á ṣe bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, máàkì ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló bá a lọ, n kò sì tíì tọ́jú rẹ̀ sí ibòmíràn. Ọjọ́ kẹta sí i ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa sì ní kí a kó èsì ìdánwò wá.

Nígbà náà, àbúrò ìyàwó mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ń múra ìdánwò JAMB. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti sọ ìdánwò yìí di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, nítorí náà ni mo ṣe ń fún un láàyè kó máa fi ẹ̀rọ mi dánra wò ní ọ̀sán. Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a lẹ́bi.

Mo ní, "Ìwọ lo gbé eré sínú rẹ̀. Ìwọ lo kó kòkòrò bá a."

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò gbé nǹkan kan sí i. Ìdí rẹ̀ ló máa ń gbóná bí ààrò."

Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, ó dágbére fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó wọ ọkọ̀ Ọ̀fà lọ bá ìyá wọn. Ìyàwó mi kò bá mi jà o. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì mí jẹun mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń tún un ṣe nígboro. Kò tilẹ̀ tú u. Ó tàn án, ó kú, ó mi orí. Ó ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó, kí n mú ₦85,000 wá. Owó tí mo ń tọ́jú láti fi san owó ilé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló dá mi dúró, ó ní, "Tísà, kọ́kọ́ gbé e dé Táíwò ná."

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Ìlọrin, Táíwò Road ni ọ̀nà tí wọ́n fi sọrí Ibrahim Taiwo, kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ṣe gómìnà Kwara láti ọdún 1975 títí wọ́n fi pa á nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba oṣù kejì ọdún 1976. Lónìí, bí a bá ti dárúkọ Táíwò, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù ló ń wá sí wa lọ́kàn. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ. Kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè bí dókítà.

Ó ní, "Tísà, ẹ jókòó. Báwo ló ṣe ń kú?"

Mo ní, "Ó kàn ń kú ni."

"Rárá o. Ṣé ó ń kọ nǹkan sójú kó tó kú ni, àbí bí ìgbà tí wọ́n mú iná?"

"Bí ìgbà tí wọ́n mú iná."

"Bí ẹ bá yọ ṣájà ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Bí ẹ bá tún tàn án lójú ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í pẹ́ kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó máa ń pẹ́ díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Níbo lẹ máa ń gbé e lé bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lálẹ́?"

Mo ní orí bẹ́ẹ̀dì ni, lórí ìrọ̀rí.

Ó tú ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo rí níbẹ̀, ojú tì mí. Fáànù kékeré tó yẹ kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ti wọ aṣọ. Eruku ọyẹ́ tó pupa, àti eruku kan tó funfun bí ẹlùbọ́, ti ki ara wọn mọ́ ojú ihò tí ooru ń gbà jáde, ó nípọn bí òwú ìrọ̀rí. Ọkùnrin náà fi ìka nu èyí tó funfun, ó wò mí lójú, ó ní, "Ta ló ń lo ṣọ́ọ̀kì nílé yín?"

N kò lè dáhùn. Inú àpò kan náà ni mo ń kó ṣọ́ọ̀kì mi àti kọ̀ǹpútà mi sí láti ọjọ́ yìí wá.

Ó wá là mí lóye. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ìyẹn processor, ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Bàbà kan ló ń gba ooru náà lára rẹ̀, fáànù á sì fẹ́ ẹ jáde. Láàárín ọpọlọ àti bàbà ni ọ̀rá kan wà tí ń mú kí ooru kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ọ̀rá náà á gbẹ. Bí eruku bá wá dí ihò, tí ìrọ̀rí tún dí ìsàlẹ̀, ooru kò rí ọ̀nà lọ. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 100 Celsius, níbi tí omi inú ìkòkò ti ń hó, ẹ̀rọ náà á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn ló ń pa á. Ara rẹ̀ ló ń gbà là!

Ó gbọn eruku, ó nu ọ̀rá àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun sí i, ó dè é padà. ₦7,000 ni mo san. Láti ọjọ́ náà di òní, kò tíì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi ní bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí inú ń run nínú àwọn aláǹgbá yìí. Ẹ gbé bírò yín.

Èkíní, bí ẹ̀rọ bá ti kú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ sínú fláàṣì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀rọ ṣeé rà, iṣẹ́ tó sọnù kò ṣeé rà.

Èkejì, ẹ wo bátìrì. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ yọ ṣájà ló ń kú, tí kì í kú bí ṣájà bá wà lára rẹ̀, bátìrì ló ti gbó. Ẹni tó ń lo Windows lè ṣí Command Prompt, kó kọ powercfg /batteryreport. Ìwé kan á jáde. Design Capacity inú rẹ̀ ni agbára ìgbà tí bátìrì wà ní tuntun, Full Charge Capacity ni èyí tó kù. Bí èyí tó kù kò bá tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ṣájà. Bí ẹ bá mi wáyà rẹ̀ tí iná sì ń lọ tó ń bọ̀, ẹnu rẹ̀ ló ti ń mì. Bí ẹ bá yá ṣájà ẹlòmíràn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: volt rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti yín mu, ampere rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé ọwọ́ sí ìdí rẹ̀. Bó bá ń gbóná, tí fáànù ń pariwo tàbí tí kò dún rárá, tó sì jẹ́ pé bó bá tutù ló ń pẹ́, irú ti tèmi nìyẹn. Orí tábìlì ni kí ẹ máa gbé e lé.

Ẹ̀karùn-ún, bó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ di búlúù tó sì kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ. Ó lè jẹ́ rámù tàbí háádì dísìkì, kó má jẹ́ ooru rárá. Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà 41 nínú Event Viewer, kò sọ ju pé ẹ̀rọ náà kú láìpa á dáadáa. Kò sọ ẹni tó pa á.

Ẹ̀kẹfà, bí bátìrì bá wú, tí ìdí kọ̀ǹpútà yọ bí ikùn ẹni tó yó, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ni, ó lè gbaná. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, mo sì ro ẹjọ́ mi láìfi ọ̀kan pamọ́. Màmá pe ọmọ náà jáde. Mo ní, "Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà sọ fún yín pé ó ń gbóná."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ẹni tí mo fi ṣe ọ̀daràn ló kọ́kọ́ rí àìsàn náà, ọ̀fẹ́ ló sì fi sọ ọ́ fún mi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan kí n tó dá a.

Ọmọ náà bá mi padà sí Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní alẹ́, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, ó fa àga, ó jókòó. Ṣọ́ọ̀kì mi sì ti ní àpò tirẹ̀ báyìí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.